Àpótí onígi fún ampilifáyà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ́ṣẹ́-Wáyà kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Mo ti parí ampilifáyà kékeré kan tí mo fọwọ́ ara mi tò, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àmọ́ orí páálí ló ṣì wà, tí wáyà ń lọ́ mọ́ wáyà lára rẹ̀ bí irun tí wọn kò yà láti ọjọ́ pípẹ́. Bọ́ọ̀dù tí ń gbé ohùn ga wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀dù kékeré tí ń gba Bluetooth, ohun kékeré mìíràn tí ń sọ iná 12 fóòtì di 5 fún bọ́ọ̀dù Bluetooth náà, fọ́lúùmù kan, súwíṣì kan, iná pupa kékeré tí ń fi hàn pé ẹ̀rọ ti tàn, àti ojú ihò mẹ́rin fún wáyà sípíkà.

Mo fẹ́ kan àpótí onígi fún un. Mo ní páákó kan tó nípọn tó mílímítà 18, ìlà ara rẹ̀ sì dára débi pé ó ń dùn mí láti gé e. Irinṣẹ́ mi kò ju ayùn ọwọ́, dríìlì àti rúlà lọ. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa ṣírò ìwọ̀n àpótí náà, bóyá ooru kò ní ba nǹkan jẹ́ nínú igi, àti bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lè so pọ̀ láìsí ìṣó lójú. Mo tún ń rò ó bóyá kí n gbé tíránsífọ́mà kékeré, ìyẹn èyí tí ń sọ iná ilé di kékeré, wọ inú rẹ̀ dípò adáptà tí mo ń lò nísinsìnyí, kí ó lè dà bí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà-Ìrọ̀lẹ́ dáhùn:

Ẹ kú oríire ampilifáyà náà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn rárá, ẹ wá páálí mìíràn, kí ẹ fi ọ̀bẹ àti téèpù kan gbogbo àpótí náà ní ìwọ̀n tí ẹ rò pé yóò jẹ́. Ẹ kó àwọn bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, ẹ lu ihò fọ́lúùmù àti ti súwíṣì, kí ẹ sì ki gbogbo wáyà bọ ojú ibi tí wọn yóò gbà wọlé. Bọ́ọ̀dù nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wọ̀n, a kì í wọn wáyà tí ń jáde lára rẹ̀. Bọ́ọ̀dù Raspberry Pi, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ mílímítà 85 ní gígùn àti 56 ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ki wáyà USB sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí wáyà náà àti ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó yípadà yóò gba àyè tó pọ̀ ju èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ. Páálí kò náni ní ohunkóhun, ó sì ń sọ òótọ́ fúnni kí igi tó ṣòfò.

Nípa páákó yín, igi kì í kú tán. Bí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, igi a wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi a súnkì. Ìdábùú ìlà ara rẹ̀ ni ó sì ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Páákó tó fẹ̀ tó mílímítà 200 lè fi mílímítà kan sí méjì wú tàbí súnkì láàárín àsìkò ọ̀rinrin àti àsìkò gbígbẹ, ìyẹn sì tó láti la igun tí a fi gọ́ọ̀mù dè, tàbí láti tẹ ojú alumíníọ̀mù tí a há sí àárín igi. Ohun tí àwọn tó ń ṣe àpótí rédíò ṣe sí i ni pé wọ́n jẹ́ kí ìlà ara igi yí àpótí po: ó gba orí kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó gba ìsàlẹ̀, ó sì gòkè padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Nígbà náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa wú, wọn yóò sì jọ máa súnkì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ojú ihò tí ẹ fẹ́ fi pátákó iwájú sí kò ní yí padà.

Mílímítà 18 ti nípọn jù fún àpótí kékeré. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfági fá a wálẹ̀ sí 10 tàbí 12. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ wàhálà wíwú àti sísúnkì rárá, plaiwúdù tó nípọn tó mílímítà 9 ni kí ẹ lò, nítorí pé wọ́n ti dá ìlà àwọn awẹ́ rẹ̀ ní ìdábùú ara wọn, ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì rìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń hàn nìkan ni kò rẹwà, ní ojú tèmi o. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aṣàtúnṣe-Rédíò dáhùn:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà sọ, ṣùgbọ́n ibi tí àwa oníwáyà ti ń sunkún kò tíì kàn. Ẹ mú fọ́lúùmù yín wò. Ẹ óò rí ọrùn kan tí wọ́n gé ìlà yíyí sí lára, tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Lára ọ̀pọ̀ fọ́lúùmù kéékèèké, ọrùn yẹn kì í gùn ju mílímítà 6 sí 8 lọ. Bí pátákó iwájú yín bá nípọn tó 12, ọrùn náà kò ní yọ sí òde, nọ́ọ̀tì kò sì ní rí ibi wọ̀. Súwíṣì àti ihò onímílímítà 3.5 tí wọ́n ń ki wáyà etí bọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gé àpótí àkọ́kọ́ mi, mo fá a, mo kùn ún, ó dán bí ojú dígí, kí n tó wá mọ̀ pé kò sí ohun kan tó lè wọ iwájú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Èkíní ni kí pátákó iwájú jẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ, ìyẹn alumíníọ̀mù onímílímítà 2 tàbí plaiwúdù onímílímítà 3, tí ẹ óò tì bọ ojú kòtò tí ẹ gbẹ́ yí etí àpótí ká nínú. Èyí ni mo yàn fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́ púpọ̀. Èkejì ni kí ẹ fi igi tó nípọn ṣe iwájú, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé pẹ̀lú bíìtì aláwo, ìyẹn èyí tí ń gbẹ́ ihò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, títí yóò fi ku mílímítà 3 péré níwájú. Kòtò ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́, kí ẹ tó lu ihò kékeré ní àárín rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò kékeré, ṣóńṣó bíìtì ńlá kò ní rí ibi dúró sí, yóò sì máa jó kiri. Ẹ fi téèpù yí ara bíìtì náà ká ní ibi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró, kí ó má baà já sí iwájú. Ẹ gbé igi àlòkù kan sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ojú tí bíìtì bá gbà jáde ló máa ń ya.

Nǹkan kékeré kan tún wà lára fọ́lúùmù, ìyẹn ehín tínńrín tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣẹ́ ẹ dànù, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí fọ́lúùmù má baà máa bá ọwọ́ yí nígbà tí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀; ẹ lu ihò kékeré fún un lẹ́yìn pátákó, kí ihò náà má sì já síta. Ní ti ìwọ̀n ihò, ọrùn fọ́lúùmù kékeré sábà máa ń jẹ́ mílímítà 7, súwíṣì kékeré 6, iná pupa yín sì lè jẹ́ 3 tàbí 5. Ẹ fi rúlà wọn ti ọwọ́ yín gan-an, kí ẹ sì kọ́kọ́ lu ihò náà sára igi àlòkù.

Nípa ooru, igi ń há ooru mọ́ inú ni. Alumíníọ̀mù ń gbé ooru kọjá ju igi lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún, nítorí náà ẹ má lérò pé ara àpótí yóò bá yín tú u dànù. Ẹ wo ohun tí ń sọ 12 fóòtì di 5 yẹn. Bí ó bá jẹ́ irú 7805 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo fóòtì 7 tó ṣẹ́kù ni ó ń sọ di ooru: bí Bluetooth bá ń fa 0.1 áńpù, ìdá 7 nínú 10 wáàtì ni, kò ṣe nǹkan. Bí ó bá di 0.5 áńpù, wáàtì 3.5 ni yóò máa jó nínú àpótí tí kò ní fèrèsé. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀, ẹ lu òmíràn sí òkè ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ tútù lè gba ìsàlẹ̀ wọlé kí èyí tó gbóná sì gba òkè jáde, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rọ́bà gbé àpótí náà sókè díẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ kò wúlò bí àpótí bá jókòó pẹrẹsẹ lórí tábìlì.

Iná-Ò-Mọ̀-Ọ̀rẹ́ dáhùn:

Ìbéèrè tíránsífọ́mà ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí adáptà yín wà níta. Ohun tí ń wọ inú àpótí yín báyìí jẹ́ 12 fóòtì, tí wáyà méjì bá sì kan ara wọn níbẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí iná ilé bá wọ inú àpótí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló dé yẹn, nítorí igi tí omi bá wà lára rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti dá iná mọ́, igi tí ìdè wáyà bá ń gbóná lára rẹ̀ a sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ṣe é láìka ohun tí mo sọ sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tí iná ilé wà sínú àpótí irin tirẹ̀ láàárín àpótí onígi náà, kí ó so wáyà áàsì mọ́ irin yẹn àti mọ́ gbogbo irin mìíràn tí ọwọ́ lè kàn láti òde, títí kan pátákó iwájú oní-alumíníọ̀mù. Wáyà tó gbé iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú fíúsì kọjá kí ó tó dé súwíṣì, ohun kan sì gbọ́dọ̀ di wáyà mú níbi tó ti wọlé, kí ó má baà já lára bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Bí èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ṣàjèjì sí yín, kí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ iná bá yín ṣe é.

Olùgbọ́-Ohùn dáhùn:

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ariwo. Àpótí irin máa ń ṣe ààbò fún wáyà tí ohùn kékeré ń gbà kọjá. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé ampilifáyà onígi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tàbí adáptà, ẹ lè gbọ́ hùùù tàbí tíkí-tíkí nínú sípíkà. Ẹ fi téèpù bàbà tàbí pépà alumíníọ̀mù bo inú àpótí ní agbègbè fọ́lúùmù àti ibi tí ohùn ti ń wọlé, kí ẹ so ó mọ́ òdì iná, ìyẹn ibi tí ẹ ń pè ní gráńdì, ní ojú kan ṣoṣo. Ojú kan ni mo wí: bí ó bá di méjì, ẹ ti ṣe òrùka tí ariwo fúnra rẹ̀ yóò máa gbà rìn. Ẹ fi pépà líle tàbí téèpù bo ojú irin náà lẹ́yìn èyí, kí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù má baà kàn án.

Àmọ́ ẹ má bo gbogbo inú rẹ̀ o. Bluetooth ń lo ìgbì tó wà ní nǹkan bíi 2.4 gigahertz, irin tó bá sì yí i ká yóò sé e mọ́lé. Igi ni ó gbà á láyè jù, ìdí sì nìyẹn tí inú mi fi dùn pé ẹ yan igi: ẹ gbé bọ́ọ̀dù Bluetooth sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní irin, kí orí eéríálì rẹ̀ kọjú sí ara igi, kí ó sì jìnnà sí pátákó alumíníọ̀mù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà-Ìrọ̀lẹ́ dáhùn:

Mo padà wá nítorí ọ̀rọ̀ igun. Ẹ gé orí páákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdágẹ̀rẹ̀ dígíírì 45, láti ara páákó kan náà, ní títẹ̀léra, kí ìlà ara igi lè máa bá a lọ láti igun dé igun. Mẹ́ta nínú igun náà ni ìlà yóò ti bára mu. Ìkẹrin kò ní bára mu, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé. Ẹ rántí pé ayùn ń jẹ igi, kí ẹ fi mílímítà méjì sílẹ̀ fún un ní gbogbo ibi tó bá ti gé. Kí orí àti ìsàlẹ̀ gùn dọ́gba gẹ́lẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá dá ayùn lójú, ẹ fi èkejì lé èkíní lórí, kí ẹ fi sáńdípépà tí ẹ lẹ̀ mọ́ igi pẹlẹbẹ fá orí wọn pọ̀.

Bí ẹ kò bá ní kíláǹpù, téèpù tó. Ẹ tẹ́ páákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ìlà kan, kí ojú òde wọn kọjú sókè, kí orí wọn kan ara wọn. Ẹ lẹ téèpù líle kọjá ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ wá dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Kòtò tó rí bí lẹ́tà V yóò hàn ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ kun gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sí ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí igi mu èyí àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ kun òmíràn lé e, nítorí orí igi ń mu gọ́ọ̀mù bí ilẹ̀ tó gbẹ ṣe ń mu omi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ lẹ téèpù ìkẹyìn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun òdìkejì: bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, àpótí náà gún régé, bí kò bá bára mu, ẹ fi ọwọ́ tẹ èyí tó gùn jù díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Alápótí-Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ má bínú o, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayùn ọwọ́ kò ní rí dígíírì 45 gé lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe kékeré ní orí kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di mẹ́jọ, àlàfo yóò hàn. Kí ó gbẹ́ àkàsọ̀, ìyẹn kòtò tó rí bí àtẹ̀gùn kan, sí orí páákó méjì, kí orí páákó méjì yòókù jókòó sínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù yóò rí ojú tó gbòòrò di mú, igun náà yóò sì gún fúnra rẹ̀. Orí igi yóò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbà, ṣùgbọ́n yóò lágbára.

Gbẹ́nàgbẹ́nà-Ìrọ̀lẹ́ dáhùn:

Mo gbà pẹ̀lú yín ní ti agbára. Ẹni tó bá fẹ́ ẹwà, kí ó gé igi àlòkù méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ọwọ́ ná. Igun oní-45 tún lè lágbára bí ẹ bá dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ, kí ẹ fi ayùn la igun náà ní ìdábùú níbi méjì, kí ẹ ki awẹ́ igi pẹlẹbẹ tí ẹ kun gọ́ọ̀mù sí bọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì fá a dọ́gba.

Aṣàtúnṣe-Rédíò dáhùn:

Ẹ̀yìn àpótí gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí. Ẹ má fi skúrù igi dè é, nítorí ihò rẹ̀ yóò jẹ tán lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ra òrùka idẹ tí wọ́n gé ìlà yíyí sí nínú, kí ẹ rì í mọ́ igi, kí skúrù M3, ìyẹn onímílímítà 3, lè máa wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní gígùn tó jẹ́ pé ẹ lè fa pátákó iwájú jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìgé ohunkóhun.

Alápótí-Àtijọ́ dáhùn:

Ní ti kíkùn, sáńdípépà 120, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 240, láti èyí tó le sí èyí tó kúnná, ní ìlà ara igi, kí fáníìṣì tó tẹ̀ lé e. Ẹ kun inú pẹ̀lú òde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa mu omi ju èkejì lọ, páákó yóò sì wọ́. Kí bọ́ọ̀dù má wọlé títí eruku yóò fi tán tí òórùn kíkùn yóò sì ti lọ. Ẹni tó bá lo òróró linseed, kí ó tẹ́ àkísà rẹ̀ síta títí yóò fi gbẹ. Tí ẹ bá ká a jọ sínú garawa, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Akọ́ṣẹ́-Wáyà kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo sì ti parí rẹ̀. Adáptà wà níta. Mo gbìyànjú igun 45 lórí igi àlòkù, àlàfo tó hàn níbẹ̀ tó kí n ki owó irin bọ̀ ọ́, nítorí náà mo gba ti Alápótí-Àtijọ́, mo gbẹ́ àkàsọ̀. Páálí ni ó gbà mí: mo rí i nínú rẹ̀ pé ẹnu wáyà iná ń kan ẹ̀yìn fọ́lúùmù, mo sì fi mílímítà 25 kún jíjìn àpótí kí n tó gé igi.

Ìṣòro kan ló ṣẹ́kù. Bí mo bá fọwọ́ kan orí fọ́lúùmù, mo máa ń gbọ́ hùùù díẹ̀. Bí mo bá mú ọwọ́ kúrò, kò sí mọ́. Pátákó iwájú mi jẹ́ plaiwúdù onímílímítà 3, mo sì ti fi téèpù bàbà bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Olùgbọ́-Ohùn dáhùn:

Ara irin fọ́lúùmù náà kò kan òdì iná nìyẹn. Tí pátákó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, pátákó ni yóò bá a so ó pọ̀. Lórí plaiwúdù, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi bátìrì àti iná kékeré tàbí mítà wò ó bóyá téèpù bàbà kan ara fọ́lúùmù, nítorí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn àwọn téèpù kan kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí kò bá kàn án, ẹ fi wáṣà onírin tó ní etí sí abẹ́ nọ́ọ̀tì, kí ẹ fi òjé jó wáyà tínńrín kan láti etí rẹ̀ lọ sí ojú gráńdì kan náà tí ẹ ti so téèpù mọ́.

Akọ́ṣẹ́-Wáyà kọ̀wé:

Téèpù náà ni. Mo fi wáṣà sí i bí ẹ ṣe wí, hùùù náà ti lọ. Ní báyìí mo ń tẹ́tí sí i pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí òrùka idẹ kan ṣì ṣẹ́kù tí n kò tíì rì.